Bí Kílò 23 Ṣe Wọ Agboolé Àgbẹ̀

Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Ìwó jáde kúrò ní Ìbàdàn nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, tí ó kọjá Mónátán, tí ó kọjá Ìyànà Ọ̀fà, tí ó sì yà sí ọ̀kan nínú àwọn abúlé tí ó yí Lálúpọn ká, yóò rí gbodo tí wọ́n sá sórí àpáta, sórí páànù àti sórí ẹní lẹ́bàá ọ̀nà: iṣu tí wọ́n ti bó, tí wọ́n ti bọ̀, tí oòrùn sì ń fa omi ara rẹ̀ mu díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi le bí igi. Ohun tí ojú àlejò lè má tètè rí ni pé kì í ṣe gbogbo gbodo náà ni ó ń lọ sí ọjà Bódìjà. Apá kan wà níbẹ̀ tí ìyá onígbodo ti ṣà lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ó yà sọ́tọ̀ sínú agbọ̀n tirẹ̀, tí kò sì jẹ́ kí ewúrẹ́ sún mọ́. Èyí tí yóò gun ọkọ̀ òfurufú lọ bá ọmọ ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Houston tàbí ní Toronto nìyẹn.

Ní irú abúlé bẹ́ẹ̀ ni mo jókòó sí ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, tí mo ń wo ìyá àgbà kan tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin fẹ́ padà sí Ìlú Ọba lọ́jọ́ kejì. Ó bu èlùbọ́ sínú ọ̀rá mẹ́ta, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ wọ́n kí atẹ́gùn inú wọn lè jáde, ó lọ́ ẹnu ọ̀rá kọ̀ọ̀kan, ó fi okùn dì í, ó sì tún fi ọ̀rá mìíràn bò ó. Lẹ́yìn náà ni ó mú òṣùwọ̀n kékeré kan tí kò gùn ju ọwọ́ ọmọdé lọ, ó fi ìkọ́ rẹ̀ kọ́ etí báàgì, ó sì ní kí ọmọ ọmọ òun gbé e sókè.

“Kí ló kà?”

“Mẹ́rìnlélógún ó lé díẹ̀ ni, màmá.”

Ìyá náà kò fèsì. Ó tú báàgì, ó yọ ìdì ẹ̀gúsí kan, ó gbé e lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀, ó dá a padà, ó wá yọ bàtà awọ kan tí ọmọ rẹ̀ fi sí ìsàlẹ̀, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. “Bàtà wà ní Lọ́ńdọ̀nù,” ni gbogbo ohun tí ó sọ. Wọ́n tún gbé báàgì kọ́: kílò 22 àti ààbọ̀. Ó so ó.

Ìyá yìí kò jókòó níwájú olùkọ́ rí, ṣùgbọ́n ó mọ kílò 23 bí ó ti mọ iye ebè tí ó wà nínú oko rẹ̀, ó sì mọ̀ pé kílò kan péré tí ó bá lé lórí rẹ̀ lè gba owó tí yóò ra àpò èlùbọ́ mìíràn lọ́wọ́ ọmọ òun. Bí òǹkà àjèjì yìí ṣe rìn títí tí ó fi wọ agboolé àgbẹ̀ ní Lágelú, ní Akínyẹlé, ní Ẹgbẹ́dá àti ní Ọ̀nà-Àrà ni mo fẹ́ sọ, nítorí mo gbà pé ọgbọ́n tí àwọn ìyá wa fi ń pàdé rẹ̀ kì í ṣe ọgbọ́n tí wọ́n yá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọgbọ́n sísá àti gbígbẹ ni, ilé àgbẹ̀ sì ti ní in kí òyìnbó tó kan ọkọ̀ òfurufú.

Ìrìn pẹ̀lú ẹrù fúyẹ́ kò ṣàjèjì sí ọmọ Ìbàdàn, mesì Ọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé. Ìtàn tí àwọn baba wa fi lé wa lọ́wọ́ nípa Lágelú, Jagun Ọ̀ṣìn, tí a fi orúkọ rẹ̀ sọ ìjọba ìbílẹ̀ Lágelú, ni pé nígbà tí ogun tú ìlú àkọ́kọ́, orí òkè ni òun àti àwọn ìyókù sá sí, òro àti ìgbín ni wọ́n ń jẹ, ìkarahun ìgbín náà ni wọ́n sì sọ di àwo tí wọ́n fi ń mu ẹ̀kọ. Oríkì wa kò gbàgbé òro yẹn, kò sì gbàgbé ìgbín yẹn, títí di òní olónìí. Àwọn tí wọ́n tẹ ìlú yìí dó kò ru odó, wọn kò ru ọlọ. Ohun tí ẹsẹ̀ lè gbé sáré ni wọ́n mú.

Ṣùgbọ́n ayé rọ̀ lẹ́yìn náà, kòkó mú owó wọ Àkànràn, ó mú owó wọ Ẹgbẹ́dá àti Ẹ̀rúnmu, àwọn bàbá tí kò mọ̀wé sì bẹ̀rẹ̀ sí fi owó kòkó rán ọmọ lọ kọ́ ìmọ̀ òfin àti ìmọ̀ ìṣègùn ní Ìlú Ọba. Ní ìgbà tiwọn, ẹrù kì í ṣe ohun tí à ń gbé ìdààmú rẹ̀ sọ́kàn. Àpápá ni wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi. Ọ̀kan tí àwọn àgbà kò lè gbàgbé nínú àwọn ọkọ̀ ilé iṣẹ́ Elder Dempster ni Aureol, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí ná ọ̀nà Èkó sí Liverpool ní 1951, tí ìrìn náà sì ń gbà á ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ wọ̀ ọ́ a gbé àpótí onírin ńlá tí ọkùnrin méjì ń fi agídí gbé. A kó aṣọ òfì sí i, a kó èlùbọ́, gàrí àti ẹja gbígbẹ sí i, ìyá rẹ̀ a sì tún fi agbè epo lé e lọ́wọ́ ní èbúté. Inú ọkọ̀ ojú omi gbòòrò, omi òkun ni ó sì ń gbé e. Àpò èlùbọ́ kan kò lè rì í. Ní 1974 ni Aureol dáwọ́ ìrìn Èkó dúró. Nígbà tí ó fi máa dáwọ́ dúró, èrò ti ṣí lọ sọ́dọ̀ ọkọ̀ tí ń fò, nítorí ohun tí ọkọ̀ omi fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣe, wákàtí díẹ̀ ni ó fi ń ṣe é.

Ọkọ̀ òfurufú ti mọ ilẹ̀ wa ṣáájú ìgbà náà. Ní 1936 ni ilé iṣẹ́ Imperial Airways ti fa ọ̀nà rẹ̀ láti Khartoum wọ Nàìjíríà, láyé tí ó jẹ́ pé àti ẹrù àti ẹlẹ́rù ni wọ́n ń gbé ka òṣùwọ̀n kí wọ́n tó wọlé. Ìdí rẹ̀ kò ṣòroó mọ̀. Alárù tí ẹrù bá wọ̀ lọ́rùn lè sọ̀ ọ́ sábẹ́ igi, kí ó tú òṣùká rẹ̀, kí ó sinmi. Ọkọ̀ òfurufú kò ní igi ìsinmi lójú sánmà. Gbogbo kílò tí ó bá bá a kúrò nílẹ̀, epo ni yóò máa fi gbé e títí yóò fi bà. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́: wọ́n pín agbára ẹ̀rọ náà fún àwọn èrò, wọ́n sì fún èrò lásán ní pọ́n-ún 44, èyí tíí ṣe kílò 20, wọ́n fún àwọn tí ó wà ní ipò kìn-ín-ní ní kílò 30. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ bá lé, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tíkẹ́ẹ̀tì ipò kìn-ín-ní ni yóò san lórí kílò kọ̀ọ̀kan. Òfin tí ó le ni, ṣùgbọ́n epo ni ó bí i, èmi kò sì lè bá ẹni tí ó ń ra epo jà.

Nígbà tí ó di ọdún 1970 sókè, ọ̀nà Amẹ́ríkà yí padà: iye àpótí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kà, àpótí méjì fún ẹnì kan, wọn kò sì wo ìwọ̀n rẹ̀ kínníkínní mọ́ bí kò bá ti ju kílò 32 lọ. Ìgbà yẹn ni àwọn tí wọ́n ń bọ̀ wálé láti New York ń kó rédíò, bàtà àti ọṣẹ wá, tí wọ́n sì ń kó iṣu odindi padà. Nígbà tí ó yá, kílò 32 náà lọ sílẹ̀ sí 23 fún èrò lásán, èyí tíí ṣe pọ́n-ún 50, òun ni ó sì wọ́pọ̀ títí di òní láàárín àwọn ọkọ̀ tí ń gbé èrò láti Èkó. Epo wà nínú ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ènìyàn náà wà níbẹ̀, nítorí àwọn òṣìṣẹ́ tí ń gbé àpótí láti inú kẹ̀kẹ́ sínú ikùn ọkọ̀ ń gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ àpótí lóòjọ́, egungun ẹ̀yìn kì í sì í ṣe irin.

Ó tọ́ kí a dúró díẹ̀ níhìn-ín. Kí ọkọ̀ ojú irin tó dé Ìbàdàn ní 1901, orí ni gbogbo ọjà ilẹ̀ yìí ń gbà rìn, àwọn òyìnbó amúnisìn tí wọ́n ń háyà alárù sì mọ̀ pé ẹrù orí kan tí ènìyàn lè rù láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ láìṣubú kò ju nǹkan bíi pọ́n-ún 60 lọ. Kílò 27 nìyẹn. Èyí tí àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú wá fi gbogbo ìmọ̀ ẹ̀rọ àti gbogbo ìṣirò wọn dé, kílò 23, kò jìnnà sí i rárá. Àwọn ìyá wa tí wọ́n ru ògì, tí wọ́n ru igi ìdáná, tí wọ́n ru kòkó láti oko dé Àkànràn, ọrùn wọn ti mọ òǹkà náà kí ó tó ní orúkọ.

Ohun tí ọrùn wọn kò mọ̀ rí ni kí ẹrù tí kò lé rárá máa gba owó. Ilé iṣẹ́ Ryanair ní Ireland bẹ̀rẹ̀ sí gba owó lórí àpótí tí a fi sí ikùn ọkọ̀ ní 2006. Ní ọdún 2008, tí owó epo rọ̀bì gun òkè bí kò ti gùn ún rí, American Airlines kéde pé láti ọjọ́ 15 oṣù kẹfà, dọ́là 15 ni àpótí àkọ́kọ́ nínú ìrìn àjò abẹ́lé wọn, àwọn ilé iṣẹ́ tó kù sì tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Epo rọ̀bì sọ̀ kalẹ̀ kí ọdún náà tó parí. Owó àpótí kò sọ̀ kalẹ̀. Southwest ni ilé iṣẹ́ ńlá tí ó kù ní Amẹ́ríkà tí ó ń jẹ́ kí èrò gbé àpótí méjì lọ́fẹ̀ẹ́, òun náà sì fi òpin sí i ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 2025. Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, n kò rí i bí ọ̀rọ̀ epo mọ́. Òwò ni, kí a sì pè é bẹ́ẹ̀. Ọmọ Lálúpọn tí ó bá fi ọkọ̀ kan dé New York, tí ó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀tọ̀ tí yóò gbé e dé Houston, lè rí i pé àpótí tí wọ́n gbé lọ́fẹ̀ẹ́ láti Èkó ti di olówó ní ìdajì ọ̀nà.

Náírà wa tún wá dá kún un. Dọ́là ni wọ́n fi ń ka owó ẹrù tí ó lé. Nígbà tí dọ́là kan jẹ́ nǹkan bí náírà 460 ṣáájú oṣù kẹfà ọdún 2023, ènìyàn lè gbé e mì. Ní 2024 dọ́là kan ti kọjá náírà 1,500. Ìyá tí ó ń ta èlùbọ́ lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ ní Mọníyà kò nílò ẹni tí yóò ṣe ìṣirò yẹn fún un.

Báwo wá ni wọ́n ṣe ṣe é tí àmàlà kò fi wọ́n lórí tábìlì ọmọ Ìbàdàn lókè òkun? Inú kòkó ni ìdáhùn wà. Àgbẹ̀ kòkó kò lè ṣe kí ó má mọ òṣùwọ̀n: kílò 62 àti ààbọ̀ ni àpò kan, àpò 16 ni tọ́ọ̀nù kan, àwọn aláyẹ̀wò a sì máa fi ọ̀bẹ la hóró rẹ̀ wò kí wọ́n tó gbà á. Bí omi bá kù nínú rẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, wọn a dá a padà fún olóko kí ó lọ tún un sá. Ìdí nìyẹn tí ó fi di mímọ̀ ní Ọ̀nà-Àrà àti ní Ẹgbẹ́dá pé omi ni ẹrù tí kò lérè. Ọgbọ́n kan náà ni ó ti wà nínú ilé ìdáná tipẹ́. Nínú kílò 10 iṣu tútù tí a ti bó, nǹkan bíi kílò 6 sí 7 ni ó jẹ́ omi. Bí a bá bọ̀ ọ́ nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, tí ó sùn nínú ìkòkò di ọjọ́ kejì, tí oòrùn sì gbẹ ẹ́ títí tí ó fi ń dún kókó bí a bá lù ú mọ́ ara, ohun tí ó kù láti lọ̀ di èlùbọ́ kò ju bíi kílò 3 sí 4 lọ, síbẹ̀ èyí tí ó pọ̀ jù nínú oúnjẹ inú rẹ̀ wà níbẹ̀. Ata le ju ìyẹn lọ: nínú kílò 10 ata tútù, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 9. Ẹni tí ó bá gbé ata tútù sínú àpótí, omi ni ó ń sanwó fún.

Nítorí náà ni àwọn ìyá wa ṣe ń sá ata kí wọ́n tó lọ̀ ọ́ kúnná, tí wọ́n ń sá ewédú àti ẹ̀fọ́ ní ibòji kí àwọ̀ wọn má bàa ṣí, tí wọ́n ń bó ẹ̀gúsí, tí wọ́n ń yan gàrí gbẹ ju ti ọjà lọ, tí wọ́n sì ń yọ orí àti egungun ẹja gbígbẹ kúrò. Kò sí ẹni tí ó kọ́ wọn níléèwé. Ilé iṣẹ́ ìwádìí IITA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967 sí ilẹ̀ Akínyẹlé, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe iṣẹ́ tí ó dára lórí ẹ̀gẹ́ àti iṣu, ṣùgbọ́n oòrùn orí àpáta ni olùkọ́ àwọn ìyá wọ̀nyí, àpáta náà sì ti pẹ́ níbẹ̀.

Òfin mìíràn tún tì wọ́n sí i. Láti 2006 ni kò ti ṣe é ṣe mọ́ kí ènìyàn fi ìgò epo pupa sí báàgì ọwọ́, nítorí ní ọ̀pọ̀ pápákọ̀ òfurufú, ohun olómi tí ó bá ju mílílítà 100 lọ kò gbọdọ̀ kọjá ibi àyẹ̀wò. Ẹran àti wàrà kò gbọdọ̀ ti ọ̀dọ̀ wa wọ Ìlú Ọba. Wàràkàṣì àti ẹran ìgbẹ́ tí wọ́n yan, tí wọ́n fi ìfẹ́ dì, inú iná ni wọ́n ń parí sí. Ẹ jẹ́ kí a fi wọ́n sílẹ̀ nílé.

Àpótí fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rántí pé kí wọ́n tó fi hóró gàrí kan sí i, àpótí onítáyà tí ó le koko ti jẹ kílò 4 tàbí 5 nínú 23. Àwọn kan padà sọ́dọ̀ báàgì alápá mẹ́rin tí a ń pè ní Ghana Must Go, tí ó gba orúkọ rẹ̀ ní 1983 nígbà tí ìjọba Shagari lé àwọn ará Ghana lọ, tí wọn kò sì ní àkókò láti wá ohun mìíràn tí wọn yóò di ẹrù sí. Báàgì náà kò tó kílò kan. Ṣùgbọ́n àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú kan kò fẹ́ gbà á, nítorí ó máa ń há mọ́ ẹ̀rọ tí ń gbé ẹrù wọlé. Báàgì aláṣọ tí ó nípọn, tí ó ní táyà kékeré, ni mo rí i pé àwọn tí ó mọ̀nà ń rà báyìí. Ní ti aṣọ òkè, etù tàbí sányán tí a fẹ́ wọ̀ ní ìgbéyàwó lọ́hùn-ún, ara ni kí ènìyàn fi gbé agbádá rẹ̀, nítorí wọn kì í wọn ohun tí ó wà lára.

Mo fẹ́ kí òǹkàwé wo ibi tí gbogbo èyí ń parí sí bí a kò bá ṣe é tán nílé. Pápákọ̀ òfurufú Ìbàdàn wà ní Alákìá, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Ẹgbẹ́dá, àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ sì ń gbọ́ ariwo ọkọ̀ lórí oko wọn. Síbẹ̀ Èkó ni ẹni tí ó ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ń lọ wọkọ̀, ìbáà gba títì, ìbáà gba ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ṣí ní 2021, tí ó ń gbéra láti Mọníyà. Ibi tí wọ́n ti di ẹrù jìnnà sí ibi tí wọn yóò ti wọ̀n ọ́n. Ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà, nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ọkọ̀ ńlá bá fẹ́ gbéra, ẹ ó rí àwọn tí wọ́n kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ gbọ̀ngàn, tí àpótí là sílẹ̀ níwájú wọn, tí wọ́n ń yọ ìdì èlùbọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan lójú gbogbo ayé, tí kò sì sí ará ilé nítòsí tí yóò gbà á padà. Ìyá kan ti bó iṣu náà. Ó jí lóru wò ó nínú ìkòkò. Ó sáré kó o wọlé nígbà tí òjò ṣú. Lára ògiri pápákọ̀ ni iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan yẹn ń sùn, bàtà àti ọṣẹ tí ó wà ní gbogbo ìlú òyìnbó sì wọ ọkọ̀ lọ. A kì í ru ẹran erin lórí kí a máa fẹsẹ̀ wa ìrẹ̀: ẹni tí ìyá rẹ̀ fún ní èlùbọ́ ojúlówó, kí ni ó ń fi kílò rẹ̀ ṣe lórí ọṣẹ?

Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà lókè òkun. Kí ẹ tó wálé, ẹ fi fóònù bá ìyá yín sọ ohun tí ẹ kò rí rà níbẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ó mọ ohun tí ẹ ń rí rà, kí ó má bàa ṣe làálàá lórí ìrẹsì. Báàgì tí ó fúyẹ́ ni kí ẹ gbé wá. Ẹ wọn ẹrù yín ní agboolé, níṣojú ẹni tí ó dì í, ní ọjọ́ tí ó ṣáájú ọjọ́ ìrìn, kí ohun tí ó bá lé lè padà sínú agbọ̀n rẹ̀. Bí ìyá yín kò bá sì tíì ní òṣùwọ̀n àfọwọ́gbé, ẹ ra ọ̀kan wá fún un nígbà tí ẹ bá tún ń bọ̀. Òṣùwọ̀n náà kò tó ìdajì kílò.